Ẹmu Òwúrọ̀ Kì Í Ṣe Ọmọ Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹmu ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ ba ọjà àwọn ẹlẹ́mu jẹ́. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni ẹmu ti wà láàrin wa. A ń gbé e síbi ìgbéyàwó, a ń gbé e síbi ìsìnkú àgbà, bí àlejò pàtàkì bá sì wọ abúlé, òun ni a kọ́kọ́ ń gbé síwájú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ràn tó báyìí, ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀ dájú.

Ọmọ ìkókó kan ni ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò mi obìnrin ni ó bí i. Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láti wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tíì padà dé iye tí ó jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ le a máa padà dé iye náà nígbà tí ó bá fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Oorun ṣáá ni ó ń sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á díẹ̀, á sì tún sùn lọ.

Mo bi àbúrò mi léèrè ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń mu. Ó ní ìyá ọkọ òun ń gbé ife ńlá ẹmu kan fún òun ní òwúrọ̀, ó sì ń gbé òmíràn fún òun ní ìrọ̀lẹ́, kí omi ọmú lè wá dáadáa. Mo yíjú sí ìyá náà. Ó ní, "Dókítà, ẹmu tútù ni mo ń fún un o, ẹmu òwúrọ̀ tí kò tíì kan. Kò sí ọtí nínú rẹ̀."

Ìyá náà kò purọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́ ni ó sọ. Ìfẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó sì mú un ṣe é, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ẹmu náà dúró ná. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọtí nínú ẹmu òwúrọ̀? Mo pinnu pé n ó lọ sí ìdí ọ̀pẹ, n ó sì fi ẹnu ara mi tọ́ ọ wò, kí n tó bá ìyá ọlọ́jọ́ lórí jiyàn.

OMI GAARA NI Ó Ń TI ARA Ọ̀PẸ JÁDE

Ìletò kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìdílé kan ti ń dá ẹmu láti ìgbà baba wọn. Bàbá ni ó ń gun ọ̀pẹ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ràn án lọ́wọ́, Màmá ni ó ń sẹ́ ẹmu náà tí ó sì ń tà á fún àwọn tí ó ń ti ìlú wá. Ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kí wọn, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹmu kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Bí oòrùn ti ń rìn ni òun náà ń rìn. Bí ẹ bá lè jókòó tì wá dalẹ́, ẹ ó rí i."

Ó fi igbà gba ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ó fi ọ̀bẹ há ìbàdí, ó sì gùn ún bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó tú akèrègbè tí ó ti so mọ́ ọ̀pẹ láti ìrọ̀lẹ́ àná sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ojú ọgbẹ́ ọ̀pẹ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè máa sun, ó sì so akèrègbè mìíràn sí i. Èyí tí ó so sí i yìí, ojú mi ni Màmá ṣe fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, nítorí mo ti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá fi ewé bo ẹnu rẹ̀ kí kòkòrò má baà kó sí i.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ó tún gùn ún, ó sì gbé akèrègbè mímọ́ náà wálẹ̀. Ohun tí ó dà sínú ife fún mi kò tó ife kékeré kan, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Kò funfun, kò hó, kò sì ní òórùn ọtí rárá. Mo tọ́ ọ wò: adùn rẹ̀ dà bí ti omi ìrèké. Èyí ni oje ọ̀pẹ gan-an bí Ọlọ́run ti dá a. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ṣúgà yóò tó nǹkan bí 10 sí 12 nínú rẹ̀, ìyókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán.

MO TỌ́ Ọ WÒ TÍTÍ ILẸ̀ FI ṢÚ

Kí ẹ má baà rò pé ẹmu pa mí ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe é. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́ wáìnì èso àjàrà wò ní ilẹ̀ Faransé àti ní South Africa kì í sábà gbé e mì. Wọn a fi yí ẹnu ká, wọn a sì tu ú sínú garawa, kí ojú wọn lè dá títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin ni ẹni kìíní tí yóò tu ẹmu mi dànù tí n kò ní bá jà."

Èkejì tí mo tọ́ wò ni ti akèrègbè tí ó ti wà lórí ọ̀pẹ ní gbogbo òru. Ẹmu yìí funfun bí omi ògì, ó sì ń hó yẹ́ẹ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ń ta mí ní ahọ́n. Ọ̀pẹ kan náà ni, ọgbẹ́ kan náà ni. Akèrègbè àti wákàtí ni ó yàtọ̀. Mo béèrè ohun tí ó fà á. Màmá ni ó dá mi lóhùn. Ó ní, "A kì í fọ akèrègbè tán pátápátá. A ń ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń jí ẹmu."

Ẹ̀kẹta: ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo tún tọ́ ẹmu òwúrọ̀ yẹn kan náà wò. Adùn rẹ̀ ti lọ sí ìdajì, ó sì ń mú ni lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀kẹrin ni ẹmu òwúrọ̀ àná, èyí tí Màmá gbé pamọ́ fún àwọn ògbólógbòó ọ̀mu. Ó kan, ó le, òórùn ọtí sì ń jáde láti inú rẹ̀ kí n tó gbé e dé ẹnu. Màmá ní bí òun bá tún fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i, yóò di ọtí kíkan tí ẹnikẹ́ni kò lè mu.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ AKÈRÈGBÈ?

Ohun tí Màmá pè ní jíjí ẹmu ni àwọn onímọ̀ ń wádìí láti ọjọ́ pípẹ́. Láàrin ọdún 1857 sí 1860, Louis Pasteur, ará Faransé, fi hàn pé àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ ṣúgà di ọtí. Olórí wọn ni ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi wú ìyẹ̀fun. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó kún sí. Bí oje dídùn bá ti kán lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ìfófòó tí a ń rí. Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ó bá a rìn ni ó sì sọ omi gaara di funfun. Nígbà tí ó bá yá, àwọn kòkòrò mìíràn á tún sọ ọtí náà di kíkan.

Ní báyìí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni adẹ́mu ń so akèrègbè, òwúrọ̀ ni ó ń tú u. Oje tí ó kọ́kọ́ kán sínú rẹ̀ ti lo bíi wákàtí 12 pẹ̀lú ìwúkàrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ọmọ òwúrọ̀. Ọmọ alẹ́ àná ni. Ọtí inú rẹ̀ lè ti tó 2 tàbí 3 nínú 100 nígbà tí ó bá wọ ife. Bí ó bá fi máa pé ọjọ́ kan, ó lè tó 4 tàbí 5, èyí tí ó jẹ́ bákan náà pẹ̀lú bíà. Ife ńlá méjì tí ó tó lítà kan lápapọ̀, bí ọtí inú rẹ̀ bá jẹ́ 3 nínú 100, ó dọ́gba pẹ̀lú ìgò bíà ńlá kan. Ohun tí àbúrò mi ń mu lójoojúmọ́ nìyẹn, tí a sì ń sọ pé kò sí ọtí nínú rẹ̀.

ỌMỌ Ń MU OHUN TÍ ÌYÁ MU

Ọtí tí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò wà nínú omi ọmú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó débi tí yóò fi lè lé ọtí jáde kíákíá bíi ti àgbàlagbà. Ìdí nìyí tí ó fi lè máa tòògbé. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ ọwọ́ a máa fa omi ọmú tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá bá mu ọtí.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí àwọn ìyá wa fi ń rí i pé ọmú kún lẹ́yìn ẹmu? Ọtí a máa dí agbára tí ó ń ti omi ọmú jáde lọ́wọ́. Bí omi kò bá jáde dáadáa, tí ọmọ kò sì fà á tán, ọmú yóò kún. Ìyá yóò rò pé omi pọ̀ sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé ebi ni ó ń pa ọmọ. Ohun tí ó ń mú omi ọmú wá ni kí ọmọ máa mu ún lemọ́lemọ́, ní ìgbà 8 sí 12 láàrin ọ̀sán àti òru, kí ìyá máa mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́, kí ó máa jẹun dáadáa, kí ó sì sinmi. Ẹ̀kọ gbígbóná kò burú, ọbẹ̀ ẹja kò burú.

Ẹnu Màmá adẹ́mu ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wúlò jù lọ ní ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ méje ni mo bí sí ìdí ọ̀pẹ yìí. N kì í fi ẹmu kan ẹnu nígbà tí mo bá ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìyá mi ni ó kọ̀ ọ́ fún mi. Ó ní ọmọ a máa sùn jù." Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo ro gbogbo ti Pasteur àti ti ẹ̀dọ̀ fún ìyá ọkọ àbúrò mi, kò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí ìyàwó adẹ́mu fúnra rẹ̀ sọ, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tí ó ni ọjà ni ó mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà, kò gbé ẹmu wá mọ́, ẹ̀kọ ni ó ń pò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ti ju ìwọ̀n tí wọ́n bí i lọ, ó sì ti mọ bí a ti ń kígbe béèrè oúnjẹ.

ÀWỌN TÍ ẸMU KÒ YẸ FÚN

Kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Èkínní, aláboyún. Ọtí a máa ti ara ìyá wọ ara ọmọ inú. Láti ọdún 1973 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ṣe àpèjúwe ìpalára tí ó ń ṣe fún ọpọlọ, ojú àti ìdàgbàsókè ọmọ. Kí aláboyún má ṣe mu ún rárá, ì báà ṣe ti òwúrọ̀.

Èkejì, ọmọdé. Kí a má ṣe fún wọn ní "díẹ̀ kí wọ́n lè sùn."

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Bí ẹmu bá dùn, �úgà inú rẹ̀ pọ̀ tó ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí kò bá dùn mọ́, ọtí ti gba ipò ṣúgà, ó sì lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ó ń lo oògùn. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ọtí a máa pawọ́ pọ̀ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìkìlọ̀ wà lára páálí metronidazole, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Flagyl, pé kí a má ṣe mu ọtí sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ tàbí alùpùpù.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n ẹmu ń la ojú." Ẹmu ní fítámì B díẹ̀, èyí tí ó ti ara ìwúkàrà wá. Fítámì A tí ojú ń fẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Inú epo pupa, tí ó ti ara ọ̀pẹ kan náà jáde, ni ẹ ti lè rí ohun tí ara ń sọ di fítámì yìí. Ẹni tí ojú ń dùn, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó sì fẹ́ mu ún, kí ó mọ̀ pé bí ó bá ti kéré tó ni ó dára tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu, nítorí ọtí wà lára àwọn ohun tí ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ Á

Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé ó tutù?" Kò sí ẹlẹ́mu tí yóò ní kò tutù. Ẹ béèrè pé, "Ìgbà wo ni ẹ sọ ọ́, ìgbà wo ni ẹ tú u, kí ni ẹ sì fi kún un?" Àwọn kan ní ìlú a máa da omi lù ú, wọn a sì fi ṣúgà tàbí sakarín pa á mọ́. Bí omi náà bá jẹ́ omi kànga ẹlẹ́gbin, onígbáméjì àti àìsàn taifọ́ọ̀dù lè bá a wọlé. Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé e sí: gálọ́ọ̀nù tí ó ti gba kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò rí, fífọ̀ kò lè sọ ọ́ di ohun èlò oúnjẹ. Ẹ fi asẹ́ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ewé tí Bàbá fi bo ẹnu akèrègbè kì í ṣe nítorí oyin nìkan. Ní Bangladesh, àwọn àdán tí ń lá oje igi déètì lóru ti kó àrùn Nipah ran àwọn tí ó mu oje náà ní òwúrọ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹmu tí wọ́n bo ẹnu akèrègbè rẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n là sílẹ̀ lọ.

Ẹ má sì ṣe dé ìgò ẹmu pa gbọn-in. Afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú lè fọ́ ìgò náà yángá, kí àfọ́kù rẹ̀ bá ọmọ lójú.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì wúwo. Ògógóró, tí a ń sè láti inú ẹmu tàbí ògùrọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu. Ọtí inú rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tí ó burú jù ni pé methanol lè wà nínú rẹ̀, bí àwọn tí ó sè é tàbí tí ó ń tà á bá ṣe é ní ìṣekúṣe. Methanol kì í yàtọ̀ lẹ́nu, kì í yàtọ̀ nímú. Nínú ara ni ó ti ń di oró tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lẹ́yìn tí ojú wọn ti kọ́kọ́ fọ́. Ìbẹ̀rù gba ìlú, àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń jà. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni. Ẹnikẹ́ni tí orí bá ń fọ́, tí ó ń bì, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì ní wákàtí mélòó kan tàbí ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ògógóró, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pé kí ó sùn ún lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ sì sọ ohun tí ó mu. Ìtọ́jú wà fún un bí ẹ bá tètè dé.

Nígbà tí mo ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, Bàbá ti tún wà lórí ọ̀pẹ, ó ń so akèrègbè ti òru. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ìlú yóò rà á ní òwúrọ̀, wọn yóò sì máa pè é ní ẹmu tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ìròyìn yìí ti mọ̀ pé ó ti sun òru kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.